Kí ni ìyàtọ̀ láàárín sulphide, sulphite àti sulphate?

Ìwọ tó béèrè láti Ṣágámù, ìparí orúkọ ni kí o máa wò. "-ide" fi hàn pé ẹ́límẹ́ǹtì náà dá wà, kò gbé ọ́síjìn dání: S²⁻ ni sulphide (S dúró fún sulphur, àmì òkè sì ni agbára iná rẹ̀, ìyẹn charge). "-ite" àti "-ate" ló ń gbé ọ́síjìn, ti "-ate" ló sì pọ̀ jù. SO₃²⁻ ni sulphite, SO₄²⁻ ni sulphate: nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn O ni iye ọ́síjìn. Má há a sórí pé ọ́síjìn mẹ́rin ni gbogbo "-ate" ń gbé o! Mẹ́ta péré ni nitrate, NO₃⁻, ní. Nitrite, NO₂⁻, ní méjì. Òkúta tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù yín gan-an, calcium carbonate ló pọ̀ nínú rẹ̀: ọ́síjìn mẹ́ta náà ni carbonate, CO₃²⁻, ní. Hydroxide, OH⁻, ló ya olóríkunkun: ó ní ọ́síjìn, síbẹ̀ "-ide" ló ń jẹ́.