Kí ẹ tó yan ẹni tí yóò ṣe Zeus

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ẹ fẹ́ ya fíìmù kúkurú nípa Demeter, abo òrìṣà ọ̀gbìn àwọn Gíríìkì, àti Persephone ọmọ rẹ̀, pé ẹni tó ń náwó sí i ti ní dandan, géńdé onírùngbọ̀n tí igẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ni kó ṣe Zeus, olórí àwọn òrìṣà náà, àti pé ẹnì kan nínú yín ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò yẹ nípò òrìṣà Gíríìkì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣa òṣèré ní Lọ́ńdọ̀nù, ti orí ìtàgé àti ti fíìmù, ìtàn Gíríìkì kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ wọn níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má yan àwọn òrìṣà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, mọ̀lẹ́bí náà ni kí ẹ yàn.

Wo ìtàn yín yìí. Persephone ń já òdòdó, ilẹ̀ là, Hades, ọba abẹ́ ilẹ̀, yọ jáde, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e wọlẹ̀ lọ. Ta ló fọwọ́ sí i? Zeus, bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ta ni Hades? Ẹ̀gbọ́n Zeus ni. Demeter tó ń wá ọmọ kiri ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Zeus lòun náà. Bí Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ṣe sọ ọ́, Cronus bàbá wọn gbé Hestia, Demeter, Hera, Hades àti Poseidon mì bí ìyá wọn ṣe ń bí wọn, òkúta ni wọ́n sì fún un gbé mì nígbà tó kan Zeus, àbígbẹ̀yìn. Arúgbó onírùngbọ̀n funfun tí gbogbo ènìyàn ń fọkàn yà, ọmọ tó kéré jù nílé ni, tó wá di olórí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Homer, akéwì tó ni Iliad, ní tirẹ̀ pe Zeus ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè mú èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá sí ọ́díṣọ̀n, torí bí àbúrò ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n kò jọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pàṣẹ fún àbúrò. Laurence Olivier ti lé ní ẹni ọdún 70 nígbà tó ṣe Zeus nínú fíìmù Clash of the Titans ní 1981. Luke Evans ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún 30 ni nígbà tó ṣe é nínú Immortals ní 2011. Àwọn méjèèjì ló rí ibi fẹ̀yìn tì nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. A ń ṣa òṣèré fún fíìmù kan, ìtàn kan náà yìí ni. Nínú ìwé eré tiwọn, Demeter wọlé wá bẹ Zeus pé kó dá ọmọ òun padà, Hera, tó jẹ́ ọmọ ìyá Zeus àti aya rẹ̀, sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Géńdé kan ló kọ́kọ́ wọlé, ara rẹ̀ ń dán, ó ga. Bí Demeter ṣe lanu báyìí, ó dìde, ó bú ramúramù. Ohùn rẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo lé ìyá tó ń sunkún lórí, nǹkan kan ń bà á lẹ́rù ni, òrìṣà tí kò lè kú kò sì ní ohun tí yóò máa bẹ̀rù níbẹ̀. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e kò ga, iwájú orí rẹ̀ ti ń pá. Ọsàn wà lórí tábìlì, àwa la rà á fún ara wa. Ó mú ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó o. Demeter ń rojọ́, òun ń bó ọsàn. Ó bó o tán, ó ya awẹ́ kan, ó nà án sí Hera láìwo ojú rẹ̀, Hera gbà á láìwo ojú tirẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo Demeter, ó wá rọra sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe Demeter fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń náwó sí fíìmù yẹn ní ọkùnrin ọlọ́sàn náà kúrú jù. Géńdé yẹn ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n ń to fíìmù náà pọ̀, ọ̀pọ̀ ibi tó ti hàn ni wọ́n gé dànù, torí pé kámẹ́rà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó yí i ká kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí gíga kì í ṣe ìṣòro rárá. Ẹ gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀, ẹ gbé àga rẹ̀ ka orí àtẹ̀gùn díẹ̀, ó parí.

Àwa tí a dàgbà sídìí eré orí ìtàgé Yorùbá mọ̀ pé adé kọ́ ló ń sọ òṣèré di ọba, bí àwọn ìjòyè ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún un ni. Bákan náà ni Zeus. Nítorí náà, ẹ pe Zeus, Hera, Demeter àti Hades wọlé pa pọ̀, ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ẹ wo ẹni tí àwọn yòókù ń dákẹ́ fún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dákẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú Iliad, nígbà tí Thetis, abo òrìṣà inú òkun, di Zeus lórúnkún mú, tó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Achilles, jagunjagun ọmọ rẹ̀, Homer kò ní Zeus sọ àrá. Ó mi orí ni, ó fi irun òkè ojú rẹ̀ tó dúdú jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, gbogbo Olympus, òkè tí àwọn òrìṣà ń gbé, sì mì. Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, sọ pé ibẹ̀ gan-an ni Pheidias agbẹ́re ti rí àwòṣe ère Zeus ńlá tó gbẹ́ sí ojúbọ Olympia. Nínú orin àtijọ́ tí wọ́n fi ń yin Demeter, tí mo gbà pé òun lẹ ń tẹ̀ lé, Hermes, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà, dé abẹ́ ilẹ̀ láti gba Persephone padà, Hades sì fi irun òkè ojú rẹ́rìn-ín, ó ní kí Persephone máa lọ, ó wá rọra fún un ní èso pomegranate jẹ, èyí tí yóò máa mú un padà wá síbẹ̀ fún ìdá mẹ́ta ọdún. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ojú wọn ní ọ́díṣọ̀n, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò bá lè fi ojú lásán ṣe ibi ẹ̀rín Hades yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ Hades di Èṣù inú Bíbélì. Kèké ni òun, Zeus àti Poseidon ṣẹ́ láti pín ayé, abẹ́ ilẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ wo David Thewlis: òun ló ṣe Ares, òrìṣà ogun, ní 2017 nínú fíìmù Wonder Woman, òun náà ló ṣe Hades nínú Kaos, eré Netflix, ní 2024, kò sì sí ẹni tí yóò pe ọkùnrin yẹn ní géńdé.

Bí mo bá jẹ́ ìwọ, Demeter ni màá kọ́kọ́ wá, kì í ṣe Zeus. Òun ló ni fíìmù yín. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn kiri pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, kò jẹ, kò mu, kò wẹ̀. Ó dé ìlú Eleusis bí arúgbó obìnrin, wọ́n fún un ní àga dáradára nílé Metaneira, ó kọ̀ ọ́, àfi ìgbà tí Iambe, ìránṣẹ́bìnrin ilé náà, gbé àpótí ìjókòó kan wá fún un. Ó jókòó, ó fi ìbòrí bo ojú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí Iambe fi dá a lẹ́rìn-ín. Ibi tí mo máa fi dán òṣèré wò nìyẹn: àpótí kan, ìborùn kan, kí ẹnì kan máa ṣàwàdà fún un. Ẹni tó bá tètè rẹ́rìn-ín kò ì tíì pàdánù ọmọ. Ẹni tí kò bá sì lè rẹ́rìn-ín rárá, kò ní lè bọ́ ara arúgbó yẹn sílẹ̀ níwájú Metaneira kí ìmọ́lẹ̀ kún ilé. Mo ti rí obìnrin kan tó jẹ́ pé èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí, kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ti Persephone: ọmọdé ló jẹ́ nínú ìtàn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà òṣèré tí ojú rẹ̀ ṣì kéré ni kí ẹ mú. Ìjínigbé ni ẹ fẹ́ yà. Ẹ má gbé ọmọdé síbẹ̀.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ ní kó ṣí Iliad. Ìdí tí Thetis kò fi tètè rí Zeus bá sọ̀rọ̀ ni pé Zeus àti gbogbo òrìṣà ti lọ jẹ àsè lọ́dọ̀ àwọn ará Etiópíà, ó di ọjọ́ kejìlá kí wọ́n tó dé. Ní Athens àtijọ́, ọkùnrin ló ń fi ìbòjú ṣe àwọn abo òrìṣà bí Athena àti Aphrodite. Hakeem Kae-Kazim tí wọ́n bí ní Èkó ti ṣe Zeus fún BBC àti Netflix ní 2018. Lance Reddick, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣe é kó tó kú ní 2023. Persephone inú Kaos, Rakie Ayola ni, ọmọ Cardiff tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Èyí tí mo máa bi yín ni pé, ṣé a gbà gbọ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá? Kì í ṣe àwọ̀ ló ń jẹ́ ká gbà á, bí wọ́n ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn ni.

Bí ọ̀gá yín bá sì takú pé àfi géńdé òun, ẹ fún un ní Helios, òrìṣà oòrùn. Ó wà lẹ́yìn àwọn ẹṣin rẹ̀ lókè, oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ fún Demeter ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ àti ẹni tó fọwọ́ sí i, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ yóò sì wúlò fún un níbẹ̀.