Má Jẹ́ Kí Gíráńdà Kan Ìfági Bàbá Rẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà ní ṣọ́ọ̀bù Rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Nígbà tí wọ́n kú, ìfági irin mẹ́ta ni mo bá nínú àpótí wọn: Stanley Nọ́ńbà 4 tí wọ́n kọ “Made in England” sí, Record Nọ́ńbà 5, àti Stanley gígùn kan, Nọ́ńbà 7 (Stanley àti Record ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọn, nọ́ńbà ló ń sọ ìwọ̀n wọn). Gbogbo wọn ló ti dógùn-ún. Mo rí i lára èyí tó gùn pé ọdún 1902 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé wọn fún wẹ́dà, kó fi gíráńdà fá wọn títí wọ́n á fi máa dán, kó sì fọ́n ọ̀dà dúdú sí wọn, pé àwọn òyìnbó á fi owó ńlá rà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n tún wọn ṣe ni, àbí kí n máa lò wọ́n, àbí kí n tà wọ́n? Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà, ní Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kí o tó ka ìyókù, bí àwọn ìfági náà bá ti dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, dìde kí o lọ gbé wọn padà wálé. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí ẹnìkan á bi mí nípa irinṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ní kó lọ fi gíráńdà dán. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí ọ, bí kò ṣe sí àwọn tó ń ya fídíò, tí wọ́n ń bó irin lára títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà, tí fídíò á sì parí láìjẹ́ pé wọ́n fi fá igi kan ṣoṣo. Irin ni wọ́n fọ̀, wọn ò tún ìfági ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ 1902 kúrò nílẹ̀ ná. Ohun tí o rí yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Fi kẹrosíìnì díẹ̀ nu ìdí rẹ̀, lẹ́yìn irin tí abẹ jókòó lé, kí o tún un wò. Bó bá jẹ́ irú èyí tí mo rò, ìlà mẹ́ta lo máa bá níbẹ̀: MAR-25-02, AUG-19-02 àti APR-19-10 (02 dúró fún 1902, 10 fún 1910). Ọjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọnà tuntun tó wà nínú ìfági náà nìyẹn, kí ilé iṣẹ́ mìíràn má baà ṣe é jọ. Ìfági tí wọ́n kọ 1910 sí kò lè dàgbà ju 1910 lọ. Àárín 1910 sí 1918 ni àwọn tó ń kó wọn jọ fi èyí tó ní ìlà mẹ́ta sí. Bó bá jẹ́ méjì péré ló wà, tí 1910 kò sí níbẹ̀, ó fi ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn.

Ó yá, gíráńdà.

Ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́ lára ìfági: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, àti abẹ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mú. Dídán kò sí nínú méjèèjì. Gíráńdà sì lè ba méjèèjì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè di gíráńdà mú kó lọ geere. Ibi tó bá ti dúró pẹ́ díẹ̀ ló máa gbẹ́ kòtò sí, etí irin á sì yípo bí etí ọṣẹ tí a ti fi wẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan gbé Nọ́ńbà 5 kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo gbé rúlà irin lé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo nà án sí ojú fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá níwájú ẹnu, ìyẹn ihò tí abẹ ń gbà yọ, ó tún ń gba ẹ̀yìn ẹnu. Mo fi fá pákó ọ̀gànwó. Ó gbà á níbẹ̀rẹ̀, ó fò ó láàárín, ó wá já wọ inú igi níparí. Etí ẹnu rẹ̀ ti yípo, kò sí ohun tó ń tẹ igi mọ́lẹ̀ níwájú abẹ mọ́, nítorí náà ṣe ló ń fa igi tu dípò kó gé e. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà nígbà tó dógùn-ún. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ni ín. Omi bọ́ lójú ọmọ náà níwájú mi. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo báyìí.

Abẹ ńkọ́? Ẹni tó ṣe é ti fi iná mú un pọ́n, ó ti rì í kó lè le, ó sì ti tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́ kó má baà máa ṣẹ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta gíráńdà, wo etí rẹ̀: á kọ́kọ́ rí bí koríko gbígbẹ, á di àwọ̀ ilẹ̀, á sì di búlúù. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni búlúù yẹn ń yọ, tó bá sì ti yọ, irin náà ti rọ̀. O lè pọ́n ọn kó fá irun ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n fi í lé pákó ìrókò, pàápàá èyí tó ní òkúta nínú, kò ní pẹ́ tí á fi kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá máa sọ pé abẹ àtijọ́ ò dáa. Abẹ dáa, ẹ̀yin lẹ sun ún.

Ti ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fọ́n sí i, èyí tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà ọjà. Irú ohun dúdú tó ń jáde láti inú ilẹ̀ tí a fi ń ṣe ojú títì ni wọ́n pò, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì fi iná gbé e mọ́ irin. Ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n rà á kọ́kọ́ wò ni pé báwo ló ṣe ṣẹ́ kù tó. Bó bá bá ọ̀dà tuntun níbẹ̀, á rò pé ibi tó sán lo fi bò mọ́lẹ̀, owó tó fẹ́ san á sì já wálẹ̀.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Tú gbogbo rẹ̀, kó bóòtù wọn sínú agolo mílíìkì, má sọ ẹyọ kan nù. Ìlọ́ tó wà lára bóòtù Stanley yàtọ̀, o ò lè rí i rà lọ́dọ̀ oníbóòtù ọjà. Idẹ roboto tó ń ti abẹ síwájú, òdì ni ìlọ́ rẹ̀ ń lọ lára púpọ̀ nínú wọn, má fi púláyà fọ́ ọ nítorí o rò pé ó há.

Kí o tó náwó lé wọn lórí, mọ̀ bóyá wọ́n sán. Fi kẹrosíìnì pa ara irin náà, fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, nù ún gbẹ, kí o wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti igun ẹnu tí abẹ ń gbà yọ. Bó bá sán, kẹrosíìnì tó wọ inú rẹ̀ á jáde padà, á fa ìlà tín-ín-rín sára ṣọ́ọ̀kì. Irin tí wọ́n yọ́ dà ni, kì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Èyí tó bá ti sán ní ẹnu, yọ abẹ àti bóòtù rẹ̀ pamọ́ fún òmíràn. Wẹ́dà á ní òun lè jó o. Má gbà á láyè. Bí wọ́n ṣe ń jó irin gééètì kọ́ ni wọ́n ń jó irú irin yìí, ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó ni á tún sán.

Fún ìpẹtà, kẹrosíìnì àti wáyà tó rí bí òwú ti tó. Èyí tó bá nípọn, rì í sínú fínígà mọ́jú, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta o, fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, fi ọ́ìlì pa á. Má ri idẹ tàbí èèkù igi mọ́ ọn. Wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Bí ẹnìkan bá ti kùn ún rí, o ò mọ̀ bóyá òjé wà nínú ọ̀dà náà, nítorí náà má fá a gbẹ nínú ilé tí ọmọdé wà. Mo ti sọ tèmi; ẹni tó bá ṣe é láìbo imú, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.

Àtẹ́lẹsẹ̀: lẹ sáńpépà mọ́ gíláàsì tó nípọn. To ìfági pọ̀, fún un pinpin bí ẹni fẹ́ lò ó, ṣùgbọ́n fa abẹ sẹ́yìn kó má kan sáńpépà. Fi bírò fa ìlà sí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, kí o máa fà á lọ fà á bọ̀. Tí ìlà bá ti parẹ́ ní iwájú pátápátá, ní etí ẹnu, àti ní ìdí, dúró. Kòtò kékeré tó bá kù láàárín kì í ṣe wàhálà.

Ti abẹ, orí òkúta ìpọ́n pẹ̀lú ọ́ìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú kí o tó pọ́n iwájú. Irin kejì tó gun ẹ̀yìn abẹ, má jẹ́ kí ààyè kankan wà láàárín wọn. Fún igi tó ń ya, bí ọ̀gànwó tí ojú rẹ̀ lọ́, sún un mọ́ etí abẹ kó má tó mìlímítà kan.

Wàyí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o bèèrè. Nọ́ńbà 4 àti Nọ́ńbà 5, lò wọ́n. Sheffield ni wọ́n ti ṣe méjèèjì. Ibẹ̀ ni Stanley ti ń ṣe tiwọn ní England láti 1937. Wọ́n pọ̀ lọ súà ní England, owó tí o máa fi fi wọ́n ránṣẹ́ lè ju owó tí wọ́n á san fún ọ lọ. Ẹni tó sọ pé irinṣẹ́ tó bá ti pẹ́ ti di owó ńlá, kò tíì tà á rí. Àwọn tó ń pa owó gan-an kò wọ́pọ̀: Stanley Nọ́ńbà 1 tí kò gùn ju íǹṣì márùn-ún àbọ̀ lọ, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ Norris ti London àti Spiers ti Ayr ní Scotland. Wọ́n sì máa ń ṣe ayédèrú Nọ́ńbà 1.

Nọ́ńbà 7, má fọwọ́ kàn án ju kí o fi ọ́ìlì pa á lọ. Íǹṣì 22 ni, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún títọ́ etí pákó méjì tí o fẹ́ lẹ̀ pọ̀ ṣe tábìlì. Èmi á tọ́jú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ tà á dandan, tà á bó ṣe wà, kí o sì mọ̀ pé rósíwúùdù ilẹ̀ Brazil ni wọ́n sábà fi ń ṣe èèkù wọn láyé ìgbà yẹn. Láti 1992 ni òfin àgbáyé ti fi igi yẹn sí ìpele tó le jù, kò sì yẹ kó ré ibodè kọjá láìsí ìwé. Béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kí o tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Nọ́ńbà 5. Ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ fún un. Pákó arère ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò, má tíì kọjú sí ọ̀gànwó. Bí ìbó igi bá ká jáde ní odindi láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó dé òpin, tí o gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ tí o sì rí òjìji ìka rẹ lẹ́yìn rẹ̀, abẹ ti jókòó nìyẹn.