Omi ọ̀gbàrá yàtọ̀ sí omi páìpù

Ẹ kú oríire ilé tuntun o, Bọ̀dá. Ẹ ní ṣé ìnṣọ́ránsì tí báǹkì ní kí ẹ gbà kí wọ́n tó yá yín lówó ilé ní Houston máa tó bí ọ̀gbàrá bá dé. Kò lè tó rárá.

HO-3, ìyẹn irú ìnṣọ́ránsì ilé kan, ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Ó wà fún iná, olè, àti bí àlejò bá ṣubú nílé yín tó sì pè yín lẹ́jọ́. Ọ̀gbàrá kò sí nínú rẹ̀.

Ojú mi rí i. Nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó mù wá dé orúnkún. Kápẹ́ẹ̀tì rà, ògiri hu funfun. Kọ́bọ̀ ò wọlé látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ní February 2021, òtútù bẹ́ páìpù lókè àjà, omi dà sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Wọ́n san ìyẹn! Ilé kan náà ni o. Ibi tí omi gbà wọlé ni wọ́n wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ti ọ̀gbàrá lọ́tọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NFIP, lè san tó $250,000 fún ilé àti $100,000 fún ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ ní láti ní kí wọ́n fi ti ẹrù kún un. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìròyìn ìjì bá dé.

Ẹ tún bi ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì léèrè nípa òrùlé: ṣé owó òrùlé tuntun ni wọ́n máa san, àbí iye tí ògbólógbòó tó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé fún yín.