Èsì: Gbígbé ọkọ̀ òfuurufú ńlá oní-rímóòtù lọ sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí ọkọ̀ òfuurufú oní-rímóòtù yín, tí apá rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 2 lọ, ṣe máa dé pápá láìfarapa, àti ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò kó tó gbéra. Ẹ tú apá méjèèjì, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì gbé ara ọkọ̀ náà lé fóòmù láìjẹ́ kí ohunkóhun fara ti ìrù rẹ̀. Ẹ yọ bátìrì.

Tí ẹ bá ti tò ó tán ní pápá, kí ẹnì kan bá yín fi ìka gbé e lábẹ́ apá, níbi tí ìwé rẹ̀ tọ́ka sí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó dúró déédéé. Bátìrì gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ elépo, kí táńkì ṣófo. Bí imú rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, kò burú. Ìrù tó wúwo jù ló léwu.

Lójú tèmi, ibi tí àwọn èèyàn ti ń kánjú jù ni yíyẹ ìdarí wò. Ẹ tan rímóòtù kí ẹ tó so bátìrì, ẹ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ tẹ ọ̀pá ìdarí sọ́tùn-ún: abala tó ń mì létí apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ gòkè, ti òsì a sì sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ṣe òdìkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbéra.