Ìtọ̀ ológbò nínú àga onítìmùtìmù: báwo ni a ṣe ń lé òórùn rẹ̀ lọ pátápátá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè ni mo ń gbé, ní òkè kejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. A ní akọ ológbò kan tí ó ń bá wa lé eku, ṣùgbọ́n ó ti tọ̀ sí àga gbọọrọ tí ó wà ní pálọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ti fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ àga náà, mo da Izal sí i, mo sì fín lọ́fínńdà lé e lórí. Bí oòrùn bá mú, a kì í gbọ́ òórùn kankan, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú báyìí, àlejò kò lè jókòó níbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní kí a gbé àga náà jù nù. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì gbé àga náà jù nù. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣàkíyèsí, pé ìgbà òjò ni òórùn náà máa ń padà wá, ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí ìṣòro náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé orí aṣọ àga nìkan ni ìtọ̀ náà dúró sí, ọṣẹ tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ì bá ti mú un kúrò. Inú fóòmù ni ó wà, omi tí ẹ sì ń dà sí i láti òkè ti lè túbọ̀ tì í wọ inú lọ.

Oríṣi èròjà méjì ni ó ń fa wàhálà jù lọ nínú ìtọ̀ ológbò. Èkíní ni yúríà, tí omi lè fọ̀ kúrò láìsí ìjà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ ọ́ di amóníà, èyí tí ó ń ta ènìyàn ní imú. Èkejì ni ásíìdì yúríìkì, tí kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bí ìtọ̀ bá ti gbẹ, ásíìdì yìí a di kóró wínníwínní, a sì lẹ̀ mọ́ ihò fóòmù àti òwú aṣọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bí ìgbà ọyẹ́, kò ní hàn pé ohunkóhun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá dé, ohun tí ó ti gbẹ sínú fóòmù a fa omi mọ́ra, òórùn a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sà àti òkun ni ó yí wa ká ní Èkó, nítorí náà, ọyẹ́ tí à ń sọ yìí kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ti akọ ológbò tí a kò tẹ̀ lọ́dàá tún le jù: èròjà kan wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní felinine, tí ó máa ń jẹrà di àwọn èròjà tí ó ní imí-ọjọ́ nínú, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ajá.

Kí n tó sọ bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun tí kò yẹ kí ó kan àga náà mọ́. Fínọ́ọ̀lù wà nínú Izal, ẹ̀dọ̀ ológbò kò sì lágbára tó ti ènìyàn láti sọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ di aláìléwu. Ológbò yín a sùn sórí àga, a sì fi ahọ́n lá ara àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni májèlé yóò ṣe wọ inú rẹ̀. Dettol náà kò dára fún un. Hypo àti Jik ní ewu tiwọn, nítorí pé bí èròjà kiloríìnì inú wọn bá pàdé amóníà inú ìtọ̀, èéfín kan máa ń jáde tí ó ń ta ojú, tí ó sì lè mú kí èémí ṣòro, pàápàá nínú pálọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn. Bí àwọn ìbejì yín bá ṣì kéré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí abẹ́ tìmùtìmù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kóró funfun tí à ń fi sáàárín aṣọ yìí lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí èròjà G6PD, tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ara rẹ̀ jẹ́, kí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ sì mú un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ní ti lọ́fínńdà, owó yín nìkan ni ó ń ná.

Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí ìtọ̀ náà dé. Tọ́ọ̀ṣì oníná elésè-àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò ni mo máa ń lò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pa iná pálọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì náà sí àga láti ìtòsí, ibi tí ìtọ̀ wà yóò máa tàn yòò, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí ó kù lára aṣọ náà lè tàn, nítorí náà, kí ẹ fi imú jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí síìpù ẹ̀yìn tìmùtìmù, kí ẹ yọ fóòmù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ìtọ̀ máa ń fẹ̀ bí ó bá ti wọ inú fóòmù, débi pé ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lórí aṣọ lè tó àwo oúnjẹ nísàlẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àga pẹ̀lú, níbi pákó àti ìsopọ̀ rẹ̀, nítorí pé akọ ológbò kì í jókòó tọ̀ nìkan, ó tún máa ń dúró fín ìtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga.

Bí ó bá jẹ́ àga tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rán àkọsílẹ̀ kékeré kan mọ́ abẹ́ tìmùtìmù. Lẹ́tà W túmọ̀ sí pé omi lè kan aṣọ náà. S túmọ̀ sí pé omi kò gbọdọ̀ kàn án, èròjà ìfọṣọ aláìlómi nìkan ni. WS gba méjèèjì. X kò sì gba ju kí a fi ẹ̀rọ fa eruku kúrò lára rẹ̀. Àga tí àwọn kápẹ́ńtà wa ń ṣe kì í sábà ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ kán an sí ibi kọ́lọ́fín kan lára aṣọ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ yí padà.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni omi ìfọ̀ tí ó ní ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ó ń fọ́ ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́) nínú, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ lè rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá àti ológbò. Ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń polówó pé ẹ́ńsáìmù wà nínú rẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, torí pé àbààwọ́n oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe tirẹ̀ fún. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi omi tútù ṣan Izal àti ọṣẹ inú fóòmù náà dànù dáadáa, nítorí pé apakòkòrò ń pa iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ omi náà jáde, ẹ má fún fóòmù bí aṣọ, kí ó má baà ya. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da omi ẹ́ńsáìmù sí i títí yóò fi dé ibi tí ìtọ̀ dé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á fi ìfúnmi fín díẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n á sì ní nǹkan náà kò ṣiṣẹ́. Bí ìtọ̀ bá wọ fóòmù ní íńṣì 3, íńṣì 3 ni omi ìfọ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí ó má tètè gbẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún iye wákàtí tí wọ́n kọ sí ara ike rẹ̀. Ẹ má lo omi gbígbóná, nítorí pé ooru ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́.

Bí ẹ kò bá rí i rà, ọ̀nà kejì wà tí kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ó wúlò. Ẹ po fínígà funfun àti omi pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì, ẹ fi rin ojú ibẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Èyí yóò borí amóníà, ṣùgbọ́n kò lè ká ásíìdì yúríìkì. Nígbà tí fínígà náà bá ti lọ tán, ẹ wá po hydrogen peroxide oní-3% tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ìdajì lítà, mọ́ ṣíbí ìjẹun 2 baking soda àti ọṣẹ olómi ìfọwo díẹ̀. Ẹ ka ohun tí ó wà lára ìgò dáadáa, nítorí pé wọ́n ń ta oní-6% náà. Ẹ lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ da èyí tí ó bá kù nù. Bí ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò tí ẹ sì dé e, ó lè bú. Ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ peroxide nínú abọ́ kan náà, torí ásíìdì tí ó ń jó ara àti ojú ni yóò dà. Peroxide lè ṣí àwọ̀ aṣọ, kò sì dára fún awọ ẹran, òwú àgùntàn tàbí sílíìkì. Kán-ún tí a fi ń se ewédú kò lè rọ́pò baking soda níbí o. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò tún fi àbààwọ́n tuntun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní irin nínú, ẹ ó ti rí i bí ó ṣe ń pọ́n lára bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun. Bí aṣọ àga yín bá mọ́ láwọ̀, omi pure water ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn.

Gbígbẹ ni ó le jù ní Èkó. Bí fóòmù bá wà ní tútù ju ọjọ́ 2 lọ, ẹ̀hu yóò yọ, òórùn mìíràn yóò sì rọ́pò ti ìtọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá lè dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lo àkókò oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa omi inú fóòmù jáde bí ẹ bá rí ẹ̀rọ afami yá, ẹ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ ní bákónì, kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì tan fáànù sí i ní alẹ́ bí iná bá wà. Fóòmù kò bẹ̀rù oòrùn púpọ̀ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n aṣọ àga máa ń ṣá, nítorí náà, inú rẹ̀ ni kí ẹ yí síta.

Ológbò náà ńkọ́? Bí ẹ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, dókítà ẹran lè bá yín ṣe é, ìtọ̀ fínfín sára àga a sì máa dínkù lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ó ń tiraka láti tọ̀, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tí ó ń kán tótó, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò lè dí, ó sì lè pa á.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì tí òórùn ṣì wà, èrò tèmi ni pé kí ẹ yé náwó sórí ìfọ̀, kí ẹ pààrọ̀ fóòmù tìmùtìmù tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti nínípọn rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Mushin, níbi tí wọ́n ti ń gé fóòmù ní ìwọ̀n tí ènìyàn bá fẹ́. Pákó àga tí ìtọ̀ bá ti wọ̀, ẹ fi ẹ́ńsáìmù fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí kápẹ́ńtà sì kùn ún ní fáníìṣì. Ẹ sọ fún un kí ó fi ọ̀rá nínípọn wé fóòmù tuntun náà kí ó tó wọ aṣọ fún un, kí ó sì rán síìpù sí ẹ̀yìn rẹ̀ dípò kí ó kàn án pa.