Fíìmù Tí Ìjọba Fọwọ́ Sí Kì í Ṣe Fíìmù Ọmọdé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. JSS 2 ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbé ojú kúrò lórí fíìmù YouTube. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé èyí tí Censors Board, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, bá fọwọ́ sí nìkan ni kí wọ́n máa wò, torí kò sí ìbàjẹ́ nínú ìyẹn. Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé àwọn àmì PG, 15 àti 18 tó ń wà lára fíìmù fún wọn láàárín 40 ìṣẹ́jú?

Ìdáhùn: Tíṣà mi, kí á tó dé orí PG, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kó ìkìlọ̀ yẹn kúrò ńlẹ̀. Òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, gbogbo ìgbà ni mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu òbí. Fíìmù tí wọ́n kọ 18 sí lára, ta ló kọ ọ́? Censors Board náà ni. Wọ́n wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 má sún mọ́ ọn. Bí ọmọ bá wá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín, á fi ìbàlẹ̀ ọkàn wò ó, á ní tíṣà ló gbà fún òun.

Ẹ fi oògùn yé wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbà ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Ṣé ẹ máa wá fún ọmọ ọwọ́ lò nítorí nọ́ńbà yẹn? Ìfọwọ́sí kàn ń sọ pé ọjà lè jáde ni, kò sọ pé gbogbo ẹnu ló lè gbé e mì. Kò sì sọ pé fíìmù náà dára. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ rò pé máàkì ni 18 yẹn, pé fíìmù náà gbégbá orókè!

Òfin ọdún 1993 ló dá Censors Board sílẹ̀. Nínú àmì wọn, G wà fún tọmọdé tàgbà. 12, 15 àti 18, ọjọ́ orí ni. 12A ní kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé 12. RE, ti fíìmù tí wọ́n fi ààlà sí ìfihàn rẹ̀, kò kan kíláàsì yín rárá. PG, ìyẹn ìtọ́sọ́nà òbí, ló ń ṣi òbí lọ́nà jù: wọ́n á rí i, wọ́n á gbé ọmọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á kọjá sí kíṣìnì. Bẹ́ẹ̀, ohun tí PG ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni pé kí òbí jókòó ti ọmọ.

Ti YouTube yàtọ̀. Ìdíwọ́ ọjọ́ orí tí ẹ bá rí níbẹ̀, YouTube fúnra wọn tàbí ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀ ló fi í lé e, kì í ṣe Àbújá. Tẹlifíṣọ̀n náà ní ọ̀gá tirẹ̀, NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí ètò àgbà dúró di aago mẹ́wàá alẹ́.

Ní ti 40 ìṣẹ́jú yín, ẹ má fi kíkọ sójú pátákó ṣòfò. Ẹ hùmọ̀ ìtàn fíìmù kan: bàbá mutí yó, ó na ìyàwó rẹ̀, ọmọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí àwọn ọmọ fún fíìmù náà ní àmì, kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Ẹ wá bi wọ́n: bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn ńkọ́? Bí fíìmù náà bá ń yin bàbá yẹn ńkọ́? Wọ́n á rí i pé ìhòòhò nìkan kọ́ ni Censors Board ń wá kiri nínú fíìmù.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ bá Censors Board yẹ àmì wọn wò kí ẹ tó kọ́ni, kí ẹ sì fi tó ọ̀gá iléèwé létí. Ẹ má gbé fíìmù 18 wọ kíláàsì pé ẹ fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ. Tíṣà kan bi mí rí bóyá òun lè fi ìdajì rẹ̀ hàn wọ́n. Ìdajì wo?