13% ni àbí 100%? Kọ́kọ́ bi òǹkà CPU pé ti kí ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà wa ní core 8, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò nínú CPU rẹ̀, áàpù tó ń ṣe ìwé owó fáwọn oníbàárà ló wà lórí rẹ̀. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, ó máa ń falẹ̀ débi pé ojúewé kan á gba ìṣẹ́jú-àáyá 9 kó tó ṣí. Síbẹ̀ dashboard wa, ojúewé tá a fi ń ṣọ́ sáfà, ní CPU ò kọjá 13%. Mo wọlé sórí sáfà, mo tẹ top, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń lo CPU hàn, áàpù kan náà wà ní 100%. Ọ̀gá mi fẹ́ ra sáfà tó tóbi jù ú lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí kálukú wọn pè ní odindi ni kò bára mu. Dashboard yín kó core mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ó ní àpapọ̀ wọn ni 100%. Top ní tiẹ̀ ka core kan ṣoṣo sí 100%; bó ṣe máa ń ṣe lórí Linux nìyẹn, àyàfi tí ẹnì kan bá yí i padà. Lójú top, gbogbo sáfà yín jẹ́ 800%. Pín 100 sí ọ̀nà 8, wàá rí 12.5. Òun ni 13% tí ẹ ń wò. Core kan ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, méje ń wò ó níran.

Iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ thread kan ṣoṣo (okùn iṣẹ́ kan nínú áàpù) ò lè wà lórí core méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dá ọ̀gá rẹ dúró ná. Ojú mi ti rí i. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà rí, a kúrò lórí core 8 bọ́ sórí 16. Lọ́jọ́ kejì, dashboard ti sọ̀kalẹ̀ láti 12% sí 6%, a sì ń kí ara wa kú oríire. Àwọn oníbàárà ò dẹ́kun ìpè. Lóru ọjọ́ náà ni mo jókòó ti top, mo tẹ 1 kó lè to àwọn core sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rìndínlógún jáde: 0.7, 1.3, 0.3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló wà ní 99.7. Mo tẹ H ńlá kó fi àwọn thread hàn, èyí tó ń kọ ìròyìn ọjà sínú fáìlì ló wà lókè pátápátá. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kọ, á tún àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. A tún ìlà kóòdù mẹ́rin ṣe, ó parí. Ó ṣì ń dùn mí dòní pé owó ti lọ ká tó wò ó.

Ṣe bẹ́ẹ̀ láago mẹ́wàá ọ̀la. Bí ìlà tó gbóná bá ń fò láti core kan sí òmíràn, má jẹ́ kó dà ọ́ rú. Linux ló ń gbé thread náà kiri.

Wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé òǹkà tó ga jù lórí ìlà náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ us, kóòdù yín gan-an ló ń jẹ CPU. Bó bá jẹ́ wa, CPU ò ṣiṣẹ́ rárá, dísìkì ló ń dúró dè. Bó bá jẹ́ st, tí sáfà yín sì jẹ́ èyí tí ẹ yá lórí ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn náà ń lò, ẹlòmíràn ló wà lórí CPU lásìkò tó yẹ kó kàn yín.

Bi dashboard náà pé ìṣẹ́jú mélòó ló ń kó pọ̀ kó tó ya àmì kan. Top sábà máa ń sọ ti ìṣẹ́jú-àáyá 3 tó kọjá. Bí dashboard bá ń ṣe ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 5, CPU lè kún dẹ́nu fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó sì jókòó lẹ́yìn náà, 10% péré lẹ máa rí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, load average wa jẹ́ 12 lórí core 4, CPU sì wà ní 20%. Ṣé kí n tan sáfà náà pa, kí n tún un tàn?

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́, má tíì tan án pa, wàá pa ẹ̀rí rẹ́. Lórí Linux, load average, ìyẹn ìpíndọ́gba iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ò ka àwọn tó ń lo CPU tàbí tó tò fún un nìkan. Ó ń ka àwọn tó ń dúró de dísìkì náà mọ́ ọn. Nínú top, wo òpó tí wọ́n kọ S sí lórí. Bí o bá rí D, àmì àwọn tó ń dúró bẹ́ẹ̀, rẹpẹtẹ níbẹ̀, dísìkì ni kó o lọ bá, tàbí fáìlì tó wà lórí sáfà mìíràn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó dé. Kọ orúkọ àwọn tó ní D ránṣẹ́ sí mi.